Nígbà Tí Ládàánì Kò Lè Dìde

Gàm̀bàrí ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní Ayégbajú-Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ èdè Hausa kọjá "sànnu". Ọmọ Ìlọrin ni mí, Yorùbá ni mo fi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n mo wé láwàní, ẹ̀wù mi gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, apá Ìlọrin ni mo sì gbà wọ̀lú. Ó ti tó. Bí mo bá ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ lórí, àwọn ọmọdé á tò tẹ̀lé mi, wọ́n á máa kọrin sí mi, èmi náà á sì máa jó fún wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹrù má baà já.

Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà yẹn. Ìlọrin wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, Èkìtì wà lábẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí náà lójú ìyá mi, bí mo ṣe kọjá Ọ̀tùn báyìí, àfi bí ẹni pé mo ti sọdá òkun. Àwa ọmọ iṣẹ́ télọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìlọrin débi pé aṣọ tí a ó rán kò kárí wa. Wọ́n wá ní kòkó ń so dáadáa lápá Èkìtì, pé àwọn èèyàn ń ra aṣọ, wọn ò rí ẹni bá wọn rán an. Mo gbéra.

Mo rò pé mo gbọ́ Yorùbá títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Fọlákẹ́. Opó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, òun ló fún mi ní yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo gbé ẹ̀rọ mi sí. Ní ọjọ́ tí mo dé, ó nàka sí yàrá náà, ó ní, "Ulé rèé. Uṣẹ́ ńkọ́?"

Mo dúró, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ulé? Uṣẹ́? Àṣé ilé àti iṣẹ́ ló ń wí, ó kàn pààrọ̀ orí wọn ni. Kí n tó dáhùn, ó ti gbé uyán síwájú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkìtì mọ ohun tí mo ń wí. Wọ́n jẹ iyán lánàá, wọ́n jẹ ẹ́ lónìí, wọn yóò jẹ ẹ́ lọ́la, inú wọn á sì tún máa dùn sí i bí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Ẹran adìyẹ ló wà nínú ọbẹ̀. Mo rọra bi í pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló pa adìyẹ yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ pe Bísímílà sí i?"

Ó ronú díẹ̀. "Mo pe Jésù."

Ó wò mí, mo wò ó, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ lásán ni mo fi jẹ iyán lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ náà sì dùn. Láti ìgbà náà, bí Ìyá Fọlákẹ́ bá fẹ́ pa adìyẹ, èmi ni yóò ké sí láti wá dúńbú rẹ̀, títí kan adìyẹ Kérésì. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Gàm̀bàrí ló ń bá a ṣọdún. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bá mi ṣe é. Ọbẹ rẹ̀ mú ju tèmi lọ."

Mọ́ṣáláṣí wa kò tóbi. Amọ̀ ni, wọ́n fi páànù bò ó, ẹ̀yìn ọjà ló wà. Àwọn ọmọ ìlú díẹ̀ ń kírun níbẹ̀, àti àwa tí a ti Ìlọrin àti Ọ̀fà wá. Lèmọ́mù wa, ọmọ Ayégbajú gan-an, àgbẹ̀ oníṣu ni. Bó bá ń ṣe wáàsí, ilẹ̀ oko ṣì máa ń wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó gbọ́ mi níbi tí mo ti ń ka Àlùkùránì nídìí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ kan, ó dúró títí mo fi kà á tán, ó wá ní, "Ohùn rẹ dára. Máa bá wa pe ìrun."

Báyìí ni mo ṣe di ládàánì.

Kí ló ń sọ àlejò di ara ìlú? Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Kì í ṣe ilé kíkọ́, kì í sì í ṣe ọdún tó lò níbẹ̀. Ní tèmi, ìgbà tí mo mọ̀ pé mo ti wọ Ayégbajú ni ọjọ́ tí mo gbọ́ tí Ìyá Fọlákẹ́ ń sọ fún aládùúgbò kan pé, "Bí Àfáà bá ti pe ti ìrọ̀lẹ́ ni kí o gbé usu kaná." Ẹni tí kì í kírun ń fi ohùn mi gbé iṣu kaná! Àwọn àgbẹ̀ ń fi í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kúrò lóko. Àwọn ọmọ tó ń kọrin Gàm̀bàrí sí mi ti ń sín ìpè mi jẹ lójú ọ̀nà odò.

Ẹni tó so èmi àti ilé pọ̀ ni Sàká, awakọ̀ lọ́rì tó ń ná Ìlọrin sí Ìkọ̀lé. Kò sí tẹlifóònù, ìyá mi kò sì mọ ìwé. Ẹnu Sàká ni tẹlifóònù wa. Bó bá ti pa ọkọ̀ sí ẹnu ọjà, á bọ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, á ká ètè jọ bíi ti ìyá mi, á wá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán an: "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ń jẹun? Ṣé wọn ò tíì fún ọ ní ẹmu mu? Bí wọ́n bá fún ọ, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní rárá!" Àwọn èèyàn á yí i ká, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èsì kan náà ni mo máa ń fi rán an padà: "Sọ fún wọn pé ara mi le."

Ara mi le lóòótọ́, títí òjò ọdún kejì fi dé.

Ó ti ṣe mí rí ní Ìlọrin, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ìwúwo kan ni, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Àwọn kan ní àlùjọ̀nnú ni, wọ́n fún mi ní omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì kúrò lára wàláà mu. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni. Nígbà tó yá ó lọ fúnra rẹ̀. Mo rò pé ó wà lára ohun tí mo fi sílẹ̀ nílé. Àṣé ó mọ ọ̀nà Èkìtì.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Aṣọ ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀, á dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà. N ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, omijé á bọ́. Oúnjẹ dà bí eérú lẹ́nu mi. N ó fipá pe ìrun tán, n ó sì padà lọ dùbúlẹ̀. Bí mo bá ń kírun, ẹnu mi ń kà á, ọkàn mi kò sí níbẹ̀ rárá. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Mo ti gbọ́ ọ nínú wáàsí láti kékeré pé onígbàgbọ́ kì í sọ ìrètí nù. Mo wá ń fi ọ̀rọ̀ náà na ara mi bí ẹni ń fi pàṣán na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ní, bó bá jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni mí, kí ni mò ń sunkún sí? Mo gbà pé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni, pé ohùn mi nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, pé Ó ti lé èmi gan-an dànù.

Bí Sàká bá dé, mo ṣì ń wí fún un pé ara mi le.

Oṣù Ààwẹ̀ bá mi bẹ́ẹ̀. N kò rí sààrì jẹ, n kò rí ìṣínu jẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ nígbà tí àkùkọ kọ, mo mọ̀ pé Àsùbá ti tó. Mo sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó dìde. Kò gbọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wo ojú fèrèsé bó ṣe ń funfun.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Gbogbo mùsùlùmí ìlú ń dúró dè mí kí wọ́n tó dáwọ́ oúnjẹ dúró. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń tẹ́tí, wọn ò gbọ́ ìpè, wọ́n tún bù sí i. Bàbá Ráfíù, ọmọ Ọ̀fà tó ń ta obì, bu iyán lé iyán títí oòrùn fi yọ sí i lójú. Bó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ báyìí, ó bínú jáde, ó ń pariwo ká àdúgbò pé ládàánì ti ba ààwẹ̀ òun jẹ́.

Lèmọ́mù kò pariwo. Ó wá bá mi nílé. Oòrùn ti gòkè, ọjà ti kún, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé igbá ògì la àárín ọjà kọjá nínú oṣù Ààwẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń wò ó. Ìyá Fọlákẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ògì náà sí iwájú mi.

"Mu ún."

"Bàbá, mò ń gbààwẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń gbà á. Mu ún, ara rẹ kò dá."

"Kò sóhun tó ń ṣe mí, Bàbá. N kò ní ibà. N kò ní egbò."

"Bí ibà bá mú ọ, ṣé wàá gbààwẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kán, ṣé wàá dúró kírun?"

"N ó jókòó."

Ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ mi. "Ta ló dá ẹsẹ̀?"

"Ọlọ́run ni."

"Ta ló dá ọkàn?"

Mo yí ojú sí ògiri.

"Kí ló wá dé tí o fi rò pé Ó mọ ìrora ẹsẹ̀, tí kò mọ ti ọkàn?"

Mo bú sẹ́kún. N kò tíì sunkún lójú ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ó jẹ́ kí n sun ún tó. Nígbà tí mo dákẹ́, ó tún na igbá náà sí mi, mo gbà á, mo mu ún. Ògì náà ti di, kò ní ṣúgà, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ adùn nǹkan kan lẹ́nu.

"Lọ́la," ó ní, "a ó lọ rí dókítà ní Ìdó."

"Bàbá, ṣé Àlùkùránì kò tó ni?"

"Ó tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí eyín ń dùn mí, Àlùkùránì ni mo kà nínú ọkọ̀ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yọ eyín náà." Ó la ẹnu, ó fi àyè rẹ̀ hàn mí.

Ọkọ̀ Sàká ni a wọ̀ lọ sí Ìdó, ó ń padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Sàká tó máa ń sọ̀rọ̀ bí omi kò sọ̀rọ̀ kan. Ó ń yọjú wò mí, ó tún ń wo ọ̀nà.

Dókítà náà kò kánjú. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn, bí mo ṣe ń jẹun, bóyá mo máa ń rò pé ikú ì bá sàn fún mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní èyí rí. Mo wo Lèmọ́mù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Sọ fún wọn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń rò ó. Òrùlé kò wó. Dókítà mi orí, ó ní àìsàn ni, pé òun ti rí i lára àgbẹ̀, lára olùkọ́, lára ìyàwó pásítọ̀. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa wá kí òun rí mi. Ó wá sọ òótọ́ fún mi: "Ó lè lọ, ó sì lè tún padà wá. Bí o bá rí i tó ń bọ̀, má dúró dè é nílé. Wá."

Nígbà tí a jáde, Sàká ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó rọra bi mí pé, "Kí ni n ó wí fún ìyá rẹ?"

Mo ti la ẹnu láti sọ pé ara mi le. Mo wá ní, "Sọ ohun tí o rí fún wọn."

Ìgbà tí ó tún padà dé Ayégbajú, kò fi ọwọ́ lé ìbàdí, kò ká ètè jọ. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́: "Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kì í ṣe ara líle ni àwọn bí. Ìwọ ni àwọn bí." Ó fún mi ní kúlíkúlí tí wọ́n fi rán an. Àwa méjèèjì jẹ kúlíkúlí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán, Bàbá Ráfíù dìde. Ó ní òun kò bá mi jà o, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú máa pe àwọn síwájú Ọlọ́run. Àwọn kan mi orí pé òótọ́ ló sọ. Mo wà ní ẹ̀yìn, ojú ń tì mí bí ẹni tó wà ní ìhòòhò.

Lèmọ́mù ní, "Bàbá Ráfíù, nígbà tí wọ́n mú Yúsúfù kúrò lọ́dọ̀ Ànábì Yáàkúbù, kí ni Ànábì ṣe?"

"Wọ́n sunkún."

"Wọ́n sun ún títí di ìgbà wo?"

"Títí ojú wọn fi fọ́."

"Ṣé Ọlọ́run wá gba iṣẹ́ Ànábì lọ́wọ́ wọn?"

Bàbá Ráfíù rọra jókòó. Ibẹ̀ ni mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, òótọ́ ni. Ó máa ń ṣe mí. Bóyá yóò tún ṣe mí. Nígbà tó bá ń ṣe mí, n kì í lè dìde, kì í sì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mi ò lè sọ nǹkan kan fún Ọlọ́run, tí gbogbo àdúà gbàgbé mi, ìpè ìrun yẹn nìkan ló kù tí ẹnu mi ṣì mọ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Lèmọ́mù wò yíká, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ Bàbá Ráfíù ní ọgbọ́n nínú. Àyè ládàánì kò gbọdọ̀ ṣófo. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ara ọmọ wa kò bá dá, Bàbá Ráfíù ni yóò máa pè é."

Kò sẹ́ni tó ronú kan ohùn Bàbá Ráfíù lọ́jọ́ náà. Àwa ló fara gbá a nígbà tó yá. Nígbà tí ìwúwo náà tún dé ní ọyẹ́, mo lọ sí Ìdó kíákíá bí wọ́n ṣe wí, mo sì ránṣẹ́ sí Bàbá Ráfíù. Mo wà lórí ẹní mi nígbà tó kọ́kọ́ pè. Ọlọ́run dárí jì mí. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, ó gòkè, ó fọ́ sí méjì, ó jábọ́, ó tún gbìyànjú. Ewúrẹ́ kan dá a lóhùn láti ìsọ̀ ẹran. Ìyá Fọlákẹ́ yọrí sí yàrá mi, ó di etí mú.

"Àfáà, jọ̀ọ́, tètè gbádùn. Adìyẹ mi kò fẹ́ yé mọ́."

Lórí ẹní tí mo wà, pẹ̀lú ọlọ láyà mi, mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ náà kò kúrò. Mo kàn rí i pé ẹ̀rín lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bàbá Ráfíù fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kẹta, ohùn rẹ̀ ti há. Ó lóṣòó tì mí, ó gbé obì kalẹ̀. "Ó nira o," ó ní. "Dídìde yẹn lásán, kí gbogbo ayé tó dìde, ó nira. Báwo lo ṣe ń ṣe é?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Mo ń bá ọ tọrọ àlàáfíà o. Mo ń bá ọ tọrọ gidi." Ó rò ó díẹ̀. "Mo sì ń bá ọ̀fun tèmi náà tọrọ."

Mi ò padà sí Ìlọrin mọ́, àfi láti lọ kí wọn. Mo fẹ́yàwó níbí, mo bímọ níbí. Nígbà tí mo bá délé, àwọn àbúrò mi á ní mò ń sọ "ulé", wọ́n á máa pè mí ní ará Èkìtì. Nígbà tí mo bá padà sí Ayégbajú, àwọn ará ibẹ̀ á ní Gàm̀bàrí ti dé. Ó máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀ pé n kò sí níbì kan pátápátá. Nísinsìnyí mo gbà pé ibi méjì ló ń retí mi. Bákan náà ni mo ṣe gba àìsàn mi. N kò jẹ́ kó sọ fún mi pé Ọlọ́run ti lọ, n kò sì purọ́ fún Ọlọ́run pé àìsàn ti lọ. Mo ń lo oògùn, mo ń kírun. Nígbà tí mi ò lè dúró, mo ń jókòó kírun. Nígbà tí mi ò lè jókòó, mo ń dùbúlẹ̀ kí i.

Lẹ́yìn òmìnira, àgbẹ̀ kan láti Ifisin mú ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n. Ọkọ náà ti gbọ́ pé télọ̀ kan wà ní Ayégbajú tí irú rẹ̀ ń ṣe, tí kò sì fi í pamọ́. Ó ní ìyàwó òun kò sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tó ti bí ọmọ tó kẹ́yìn. Mo fún obìnrin náà ní àga nídìí ẹ̀rọ mi. N kò wàásù fún un. Mò ń rán aṣọ mi lọ, mò ń sọ fún un nípa ọlọ, nípa oúnjẹ tó dà bí eérú, nípa ẹsẹ̀ tí kì í gbọ́. Mo sọ ibi tí dókítà wà ní Ìdó, mo ní n ó bá wọn lọ bí wọ́n bá fẹ́. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè.

"Ṣé ó máa ń lọ?"

"Ó máa ń lọ."

"Ṣé ó máa ń padà wá?"

Ọkọ rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ pé rárá. Mo dá ẹ̀rọ dúró. "Ó máa ń padà wá. Ṣùgbọ́n kì í bá mi ní èmi nìkan mọ́."

Ó ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí ìrun Àlásárì tó. Mo ti gbàgbé pé mo ti ránṣẹ́ sí Bàbá Ráfíù nígbà tí wọ́n dé, pé kó bá mi pè é nítorí àlejò. Ohùn náà gbéra láti ẹ̀yìn ọjà, ó gòkè, ó fọ́, ó jábọ́, ó tún dìde. Obìnrin náà tẹ́tí sí i. Ẹnu rẹ̀ gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ bò ó, ó wò mí bóyá n ó bínú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi fìlà bo ojú, ó ń sunkún.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo bu omi sínú kẹ́tùrù, mo lọ ṣe àlùwàlá.